Ewé Rọ, Kò Sáré Bu Omi

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ewé tó ń ṣe fújà nínú àkùrọ̀. Ewé ùgwú ti sorí kọ́, ti elégédé ti wó yí ìtàkùn rẹ̀ ká, tòmátì pàápàá ti ká etí ewé rẹ̀ sínú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní òǹgbẹ ti fẹ́ pa gbogbo wọn, á sì sáré lọ sídìí kànga. Obìnrin àgbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí kì í sáré. Abẹ́ ọ̀pẹ tó wà létí oko ló máa ń jókòó sí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, á máa fẹ́ irúgbìn tẹ̀tẹ̀ nínú atẹ. Bí ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ bá ní, "Màámi, àwọn ewé yìí ti rọ o," èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Jẹ́ kí oòrùn wọ̀. Èyí tí kò bá dìde lálẹ́ ni kí o wá pè mí sí."

Ẹ̀yìn Ìbàdàn ni oko rẹ̀ wà, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, tí omi kì í jìnnà sójú ilẹ̀ kódà nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ó la ilẹ̀ náà sí ebè fífẹ̀ tí àwọn elẹ́fọ̀ọ́ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gbẹ́ kànga tí kò jìn sí àárín wọn. Tòmátì, ata, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, elégédé àti ùgwú ló ń gbìn. Mo ti rí àgbẹ̀ tí oko wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ. N kò tíì rí ẹni tó mọ ewé tó rọ tó o.

Omi ló ń mú ewé dúró, torí ewé kò ní eegun. Ohun tó ń jẹ́ kó na tàntàn ni omi tó kún inú àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ara rẹ̀, tó ń ti ògiri wọn síta bí atẹ́gùn ṣe ń ti inú bọ́ọ̀lù. Bí omi bá dín, ògiri á dẹ̀, ewé á rọ. Lábẹ́ ewé, ihò wà lọ́pọ̀lọpọ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni ewé ń gbà mí, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Èyí tó ń fò lọ yìí ló ń fa òmíràn gòkè láti inú gbòǹgbò. Henry Dixon àti John Joly, onímọ̀ méjì ní ìlú Dublin, ló ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ayé ní 1894, kò sì tíì sí àlàyé tó borí rẹ̀.

Omi náà kì í ṣe díẹ̀. Àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Stephen Hales gbìyànjú láti wọ̀n ọ́ ní oṣù Keje 1724. Ó ní òdòdó sunflower kan nínú ìkòkò, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Ó fi òjé pẹlẹbẹ dé ẹnu ìkòkò náà kí omi má baà gba ojú ilẹ̀ fò lọ, ó wá ń gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín wákàtí 12 tí oòrùn fi ń ràn, omi tí ewé òdòdó kan ṣoṣo yẹn ń tú dànù máa ń lé ní ààbọ̀ lítà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1727. Ẹ wá fojú inú wo ebè ùgwú kan nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú.

Ìṣirò yẹn náà ni ìyá yìí ń ṣe lábẹ́ ọ̀pẹ rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ewé ń náwó ju bí gbòǹgbò ṣe ń pa á wọlé lọ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ rin gbindin. Elégédé tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Bí ewé sì ṣe sorí kọ́ yẹn, oòrùn kò rí i kàn lójú mọ́, ihò abẹ́ rẹ̀ á pa dé, ìnáwó á dínkù. Bí oòrùn bá rẹlẹ̀, gbòǹgbò á lé e bá, ewé á gbéra. Omi tí wọ́n bá dà sí irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án kò yọ ọ́ nínú ohunkóhun. Àwọn kan máa ń ní omi ọ̀sán ló ń jó ewé; èmi ò tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Òfò ni mo rí níbẹ̀, torí púpọ̀ nínú omi náà ni oòrùn máa fà lọ kí gbòǹgbò tó mọ̀ pé ó dé.

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí igi kan kò sì dìde, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá yìí kì í wo ewé. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi, á ki ìka ìfábẹ̀lá bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì, á fà á yọ, á wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ tó gbẹ kì í lẹ̀ mọ́ ìka. Èyí tó rin bó ṣe yẹ á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, kò ní kán tótó. Lẹ́yìn ìyẹn, á gbé ìka náà símú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé àṣà lásán ni. Ilẹ̀ tó ní ìlera máa ń rùn bí ilẹ̀, èyí tí omi ti mù máa ń rùn bíi kòtò ìdọ̀tí, imú sì máa ń mọ ìyàtọ̀ kí ojú tó mọ̀ ọ́n.

Ojú ilẹ̀ máa ń purọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbà á gbọ́. Nígbà ọyẹ́, òkè ebè lè funfun bí ìyẹ̀fun, kí abẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ìdàkejì rẹ̀ ló burú jù: òkè rin, ó ń dán, abẹ́ gbẹ. Ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ fẹ́ràn kó gbé ike ìbomirin ẹlẹ́nu asẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa sáré láàárín ebè, kí gbogbo ewé máa kán omi. Ó dùn ún wò lójú. Màmá á jẹ́ kó ṣe tán, á wá fún un ní ọkọ́, á ní kó gbẹ́ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi sí. Omi náà kì í ju ìwọ̀n èékánná lọ sísàlẹ̀. Gbòǹgbò tí wọ́n bá ń fún ní irú omi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á gòkè wá bá a, á dúró sí òkè níbi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò bá sì sí omi, gbogbo ebè á dojú bolẹ̀. Tirẹ̀ ni pé kí ó bomi láàárọ̀ kùtù, kó fara balẹ̀, kó dúró kí ó mu, kó tún dà á, kó wá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè fi í sílẹ̀ dọ̀túnla kó tó padà débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń yà ará ìlú lẹ́nu jù ni pé igi lè rọ nítorí pé omi ti pọ̀ jù. Gbòǹgbò náà ń mí. Láàárín ẹyọ ìyẹ̀pẹ̀ kan sí èkejì, àyè wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé; bí omi bá gba gbogbo àyè yẹn, tí kò sì lọ, gbòǹgbò á há, á kú, á rà, kò sì ní lè fa omi gòkè mọ́. Igi á wá dúró sínú omi, òǹgbẹ á máa pa á. Ewé á rọ bí ewé igi tí kò rí omi ṣe ń rọ, onílé tí àánú rẹ̀ ń ṣe á tún bu omi lé e. Bí ọ̀pọ̀ òdòdó inú pálọ̀ ṣe ń kú nìyẹn, pàápàá èyí tí wọ́n gbìn sínú agolo mílíìkì tàbí ìkòkò dídán tí kò ní ihò nídìí.

Mo ti rí Màmá tó ń wo irú òdòdó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan tó gbé e wá láti àárín ìlú. Kò béèrè ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ó gbé agolo tí wọ́n gbìn ín sí sókè, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wọn iṣu lọ́jà, ó ní, "Ẹ ti rì í." Ó tẹ agolo náà, ó fa igi yọ tòun tilẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó wà láàyè funfun, ó sì le. Èyí tó ti kú pọ́n rẹ́súrẹ́sú, awọ rẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gé àwọn òkú kúrò, ó gé díẹ̀ nínú ewé náà kí ìnáwó má baà ju agbára ìdí tó ṣẹ́ kù lọ, ó po iyanrìn mọ́ ilẹ̀ tuntun, ó fi ìṣó lu ìdí agolo náà ní ihò. Ó ní kí wọ́n gbé e síbi ìbòòji, kí wọ́n má sì bomi sí i mọ́ títí ìka yóò fi sọ pé ó tó. Obìnrin náà bi í pé ọjọ́ mélòó nìyẹn. "Ìka yín ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi èmi."

Ajílẹ̀ náà ń mú ewé rọ, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kánjú ti máa ń kó sí wàhálà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù àti NPK tí wọ́n kó ti ìdí igi ní iyọ̀ púpọ̀, iyọ̀ náà á sì máa fa omi jáde kúrò lára gbòǹgbò. Màmá máa ń kó ìgbẹ́ adìẹ jọ títí tí kò fi ní í gbóná mọ́ bí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, NPK sì jìnnà sí ìdí igi ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ó tán.

Ibi tí mo ti máa ń gbàgbé iṣẹ́ tí mo bá wá ni ìgbà tó bá ń tú tòmátì láti ilé ọ̀gbìn lọ sórí ebè. Kò sí ìgbà tí ewé ń rọ tó ìgbà yẹn. Gbòǹgbò ní irun tó wẹ́ ju òwú lọ, irun yẹn ló ń mu omi, bí wọ́n bá sì ti fa igi tu, púpọ̀ nínú rẹ̀ á já sínú ilẹ̀. Igi dé ilé tuntun, ẹnu kò sí.

Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Á dín omi wọn kù, á ká ìbòòji orí wọn kúrò, ó ní kí wọ́n lè gbọ́n. Ewé wọn á nípọn, ọ̀pá wọn á le. Lọ́jọ́ náà gan-an, á wá fi omi rin ilé ọ̀gbìn náà gbindin kó tó kan ohunkóhun. Kì í tú wọn láàárọ̀. Á dúró di ìrọ̀lẹ́, tàbí kí ó dúró de ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kí igi lè ní odidi òru kan láti fi sinmi. Ó ní igi pẹlẹbẹ kan tó ń tì bọ abẹ́ wọn, tó fi ń hú wọn jáde tìyẹ̀pẹ̀tìyẹ̀pẹ̀. Ewé ló sì máa ń dì mú. Kì í di ọrùn mú láéláé. Bí ewé kan bá já, igi á hu òmíràn; bí ọrùn bá fọ́, ó parí, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní.

Ihò ti wà nílẹ̀. Tòmátì ni ó máa ń ri mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ tó bá wọlẹ̀ á ta gbòǹgbò tuntun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ata. Ìka méjì ló fi ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má sí àlàfo tí gbòǹgbò á nà sí tí kò ní bá ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gan-an, bíi pé igi fẹ́ sá lọ. Ti Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára nínú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra fa ewé kan, igi náà kò ní mì. Lẹ́yìn omi, ó kan imọ̀ ọ̀pẹ. Á gún un sí ìhà ibi tí oòrùn ti ń là, kó fì bo igi náà. Bí imọ̀ yẹn ṣe ń gbẹ ni ewé rẹ̀ ń ká, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó bá fi máa gbẹ tán, tòmátì ti ta gbòǹgbò, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti rántí wá ká ìbòòji kúrò. Èmi ò mọ iye ọdún tí ẹni tó kọ́kọ́ dá ọgbọ́n yìí fi ronú. Ìbòòji tó ń ká ara rẹ̀ kúrò!

Ṣọkọ ní àrùn tirẹ̀. Kì í kú, kì í yè. Á kàn ràrè, á máa rọ lọ́sàn-án, á máa jí lálẹ́, ewé rẹ̀ á kéré. Igi kan ṣoṣo ni Màmá máa ń fà tu, á ṣan gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi. Bí kókó bá wà lára rẹ̀, ó ti mọ̀: aràn kan tó kéré tí ojú kò lè rí ló wọnú gbòǹgbò, tó mú un wú, tó dí ọ̀nà omi. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà máa ń ní kókó nídìí, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni tiwọn ń pèsè fún igi, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, èékánná lè tẹ̀ ẹ́ bọ́. Kókó aràn kì í bọ́, nítorí pé gbòǹgbò náà gan-an ló wú. Mo rí i tí ó fún ọmọkùnrin náà ní oríṣi méjèèjì lọ́wọ́, tó ní kó fi èékánná tẹ̀ wọ́n, tí kò sọ ohun mìíràn fún un. Ebè tí ó bá ti rí èyí, ṣọkọ kò ní padà síbẹ̀ bọ̀rọ̀, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná á sì pọ̀ níbẹ̀.

Tòmátì ló le jù. Bí ikán tàbí ìrẹ̀ bá ti jẹ ìdí rẹ̀, ojú á rí i. Bí ewé bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, Màmá á la ọ̀pá rẹ̀ ní òòró. Bí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú bá wà lábẹ́ èèpo, olú inú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fusarium ni. Èyí tó ń dẹ́rù bà á ni tòmátì tó rọ láwọ̀ ewé. Láàárọ̀ ó wà dáadáa, lọ́sàn-án ó rọ, lálẹ́ kò dìde, lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta ó ti kú, kò sì pọ́n rárá.

Fún ìyẹn, ife gíláàsì kan wà nínú àpò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ kan ló kọ́ ọ. Á gé ọ̀pá tòmátì náà nítòsí ilẹ̀, á nù ún mọ́, á bu omi tó mọ́ gaara sínú ife, á wá fi ọwọ́ mú ọ̀pá náà kí ojú ibi tó gé wọnú omi díẹ̀. Kò ní mì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ ohun tó ń bẹ̀rù, okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ibi tó gé náà, á máa lọ́ nínú omi, títí gbogbo ife á fi funfun bí omi ìrẹsì. Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní Ralstonia solanacearum nìyẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, tí wọ́n ti kún ọ̀nà omi inú ọ̀pá náà bámúbámú. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Erwin Smith, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1896. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì lè gbé igi náà lọ sí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, ilé ìwádìí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 fún èso àti ewébẹ̀. Màmá kì í dúró de ìyẹn. Ife ti sọ̀rọ̀.

Kò sí oògùn tó máa jí igi náà, Màmá kì í sì í ná owó kankan sí i. Á hú u tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú àpò, á lọ sun ún lókè oko, níbi tí àgbàrá kò ní gbé e padà wá. Á fi omi tó po Hypo mọ́ fọ àdá rẹ̀ àti ọkọ́, á ṣan ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ebè yẹn ni wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lé kẹ́yìn lójúmọ́, lẹ́yìn gbogbo àwọn tí ara wọn dá. Àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà tòmátì, ata àti ìkàn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀: ọmọ ìyá ni wọ́n, ohun tó pa ọ̀kan á pa ìkejì. Àgbàdo ló máa ń gbìn síbẹ̀, tàbí ìrẹsì bí òjò bá dé tí omi bo ilẹ̀.

Àwọn kan ní ilẹ̀ Éṣíà ti rí ọ̀nà mìíràn. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn àgbẹ̀ Japan ti ń gé orí bàrà olómi so mọ́ ìdí igbá, kí Fusarium má baà rí i pa. Ilé ìwádìí ewébẹ̀ àgbáyé tó wà ní Taiwan náà sì ń kọ́ àwọn èèyàn láti so orí tòmátì mọ́ ìdí irú ìkàn kan tó lágbára ju àrùn Ralstonia lọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní kí n bá òun wá irú ìkàn náà, kí n yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ife funfun gbẹ̀yìn, ebè òkè ló ti rí i, omi ebè òkè sì máa ń ṣàn gba oko ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin náà ti ṣe ilẹ̀ sílẹ̀ fún ata, torí pé ata ti gbówó lórí. Màmá gbé ife náà lọ bá a, tòun ti ọ̀pá nínú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbin ata sọ́nà omi mi lọ́dún yìí."

Ọkùnrin náà wo ife, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní òun ti sanwó irúgbìn. Màmá ní kó kó irúgbìn náà lọ sí apá kejì oko rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tí omi òun kò lè dé.

"Kí ni kí n wá gbìn síbí?"

"Àgbàdo. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, ta ló ní àgbàdo tútù lọ́jà?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná iye tí Màmá máa ta irúgbìn àgbàdo fún un. Kò fi dínkù fún un rárá.